Aránbàtà tó Ń Wá Iyọ̀ Kiri

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni aránbàtà fi bá ìyàwó rẹ̀ bínú nítorí iyọ̀. Kò lè ya ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kí ara wọn, nítorí àkàbà kan tí ẹ̀gbọ́n yá tí kò tètè dá padà. Àkàbà ọ̀hún ti jẹrà, ìbínú kò jẹrà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fà. Láti ọjọ́ náà ni ọbẹ̀ ilé ti ń tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lójú tirẹ̀, obìnrin náà ń fi oúnjẹ jẹ ẹ́ níyà. Ìyàwó búra, búra, kò gbà.

"Bàbá wọn, bí mo ṣe ń fi iyọ̀ sí i láti ọgbọ̀n ọdún náà ni mo ṣe ń fi sí i."

"Ìyá wọn, ahọ́n mi kì í purọ́."

"Ó dáa. Ẹ lọ síbi tí àwọn alásè ti ń fún aráàlú ní oúnjẹ tọ́ wò. Ẹ wá sọ fún mi bí tiwọn bá níyọ̀ ju tèmi lọ."

Ìlú ńlá ni ìlú wọn. Kò sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ kì í wáyé níbì kan, ì báà jẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ì báà jẹ́ nínú ọgbà ilé ìtajà ńlá. Wọ́n á fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á fún ọ ní ìwé àti ṣíbí kékeré, ìwọ á máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, ìwọ á máa fún alásè kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Aránbàtà rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa gba òun: òun á rí ọbẹ̀ tó níyọ̀, òun á sáré délé lọ jàre. Kò rí i. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀ẹ̀kẹfà. Bí omi gbígbóná ni gbogbo rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Òdo ló ń fún gbogbo ayé, títí àwọn tó ń gba ìwé fi sọ ọ́ ní Bàbá Òdo.

Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, á kan ìṣó dé ìdajì, á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tún padà. Oníbàárà kan gba bàtà rẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan ní gìgísẹ̀ tuntun, ẹsẹ̀ kejì kò ní.

"Ẹ má bínú," ni aránbàtà wí. "Gbogbo alásè ìlú yìí ló ti di ìyàwó mi."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ìyàwó sọ̀rọ̀ láì gbé ohùn sókè. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ má retí òun. Òun kò lè máa dáná fún ẹni tó ń pe òun ní òṣìkà.

Ó wá ku Àbámẹ́ta kan.

Wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí àpèjọ ọjọ́ náà wà nígbà tí ó débẹ̀. Ó kọjá tábìlì mẹ́jọ bí ẹni tí ajá ń lé. Ní ìkẹsàn-án, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó dé fìlà funfun bu ọbẹ̀ ẹja sínú kọ́ọ̀bù fún un.

"Ìyá alásè, kò níyọ̀."

"Bàbá, ó níyọ̀."

"Mo ní kò níyọ̀!"

"Àbí ẹ̀yin ni Bàbá Òdo?" Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́ ìròyìn yín. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù wá."

Ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Aránbàtà tọ́ ọ wò, ó mirí. Ó tún wọ́n ọn. Ó tún mirí. Lẹ́ẹ̀kẹta, alásè bu iyọ̀ kún ṣíbí ìjẹun, ó dà á sínú kọ́ọ̀bù, ó rò ó pọ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Ó yá, ẹ mu ún kí n rí i."

Aránbàtà mu ún dé ìdajì. "Ó kù díẹ̀," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ó sàn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba kọ́ọ̀bù náà, ó ti ẹnu ṣíbí bọ̀ ọ́, ó lá a. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sáré tutọ́, ó ń pariwo omi. "Òkun rèé! Ẹ gbà mí, òkun gan-an rèé!"

Alásè gbé ṣíbí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín? Ta ló ń dáná fún yín nílé?"

Aránbàtà gbé ṣíbí kékeré rẹ̀ lé tábìlì. Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láì kọ nǹkan kan sí i, ó jáde.

Kò wọkọ̀. Ó ń rìn, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bóyá awakọ̀ àti alásè ti dìmọ̀ pọ̀. Ó di èyí mú fún oríta méjì. Ní ìkẹta, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Èèyàn lè dìmọ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í fi irọ́ pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó kọjá ẹnu àdúgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láì yà. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun jẹ̀bi, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń di irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú.

Ìyàwó ń ká aṣọ sínú báàgì ní pálọ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ rí iyọ̀ ọ̀hún?"

"Mi ò rí i." Ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà sẹ́nu ọ̀nà. "Kò síyọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ní gbogbo ibi méjèèje?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni!"

Ìyàwó wò ó, wò ó, bùláòsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó wá awò ojú rẹ̀ kàn.

"Ẹ dúró lójú kan. Ẹ yọ ahọ́n síta."

"Fún kí ni?"

"Bàbá wọn, ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Obìnrin náà di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. "Tí ẹ sì ń pè mí ní òṣìkà," ni ó wí. Inú aránbàtà dùn pé ahọ́n òun wà níta, torí kò sẹ́ni tó ń retí kí ẹni tó yọ ahọ́n síta tọrọ àforíjì.

Fóònù dún. Ọmọ wọn ni. Ìyàwó fi ọwọ́ kan gbé e, kò jọ̀wọ́ àgbọ̀n ọkọ rẹ̀.

"Rárá, mi ò wá lọ́la mọ́. Dókítà la máa lọ rí lọ́jọ́ Ajé... Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yín ló bẹ̀ mí."

Aránbàtà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fa ahọ́n wọlé láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.