Kíbọ́ọ̀dù Màmá

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

"Màmá ti lọ. Láti àná ni. A pè ọ́ títí, fóònù rẹ ò lọ."

Àbúrò ti pa fóònù náà. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, bí iṣẹ́ bá sì ti wọ́ jọ, sísá ló ń sá fún àwọn oníbàárà. Kò mọ̀ pé ikú wà lára àwọn tó ń pè lánàá.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọn ò jẹun. Tíì yẹn ṣáá ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àwọn làwọn pa Màmá lẹ́nu mọ́."

Ẹ̀gbọ́n jáde lọ wá mọ́tò. Àbúrò fa kíbọ́ọ̀dù Màmá yọ nísàlẹ̀ àkójọ iṣẹ́.

Ọdún kejì rèé tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu Màmá. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, Bàbá á sì kà á sókè: "Bàbá arúgbó, ẹ gbé ìrọ̀rí mi sókè, ẹ yé hanrun." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíì dà lọ́wọ́ Bàbá sórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Màmá gbé ìka lé e títí, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo ilé ní tíì ló bà á jẹ́. Òun tó mọ iṣẹ́ kò tilẹ̀ tẹ ẹyọ kan wò. Ó gbé e wá, ó fi sábẹ́ iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Ti ilé kì í sá lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ètò tó máa ń ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù sójú. Bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà bá gbọ́, àwòrán rẹ̀ á tàn bí ewé tútù. Èyí tí kò bá gbọ́ á ṣì dúdú síbẹ̀.

Ó tẹ ọ̀kan. Ó tàn. Ó tẹ òmíràn. Ó tàn. Ó ń wá èyí tí kò ní tàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ wọ́n lọ ní ìlà ìlà, títí kan èyí tí tíì ṣì gbẹ mọ́ létí, títí gbogbo àwòrán náà fi dà bí oko lẹ́yìn òjò.

Kò sí ohun tó ṣe kíbọ́ọ̀dù. Ìka Màmá ni kò lágbára mọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá fi mọ̀. Ì bá pe dókítà. Ì bá fi ọwọ́ tirẹ̀ ti ọwọ́ Màmá, kí àwọn méjèèjì jọ máa tẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Tíì ò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka Bàbá kọ́ ló sì ṣẹ̀.

Nílé, Bàbá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣófo, ife tíì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, àbí?"

Ó kúnlẹ̀, ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, kò bàjẹ́. Tíì yín kọ́. Ọwọ́ Màmá ló ti rẹ̀, èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo gbé ẹnu Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì fi sílẹ̀ síbẹ̀."