Ìpè Tí Kò Wọlé

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí Gbádérọ̀ sọ fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ Ọjọ́rú, tó sì tún sáré mú un. Kò sí ohun tuntun lójú rẹ̀. Islamiyat kò pè.

Ọjọ́ Sátidé ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo yìí wá bá a nílé ní Òkè-Àdó, tó ní òun fẹ́ fẹ́ John, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì. Gbádérọ̀ ò bínú, kò sì yọ̀. Ó ní kó jẹ́ kí òun rò ó.

“Màá pè yín lọ́jọ́ Ajé, Bàbá,” ni Islamiyat wí. “Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe.”

Ó sì rò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó rántí pé nígbà tí ìyá Islamiyat ń ṣàìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀, John ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nílé ìwòsàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Àmọ́ ọjọ́ Ajé kọjá, Ìṣẹ́gun náà kọjá. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹni bi í. Ṣé kí òun pè é? Rárá o. Ọmọ ló ní ìbéèrè.

Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Àjàmú ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò.

“Ṣé kò sí o? Láti àná ni mo ti ń pè ọ́, wọ́n ní o pa fóònù rẹ.”

“Pípa kẹ̀? Òun nìyí tó ń tàn lọ́wọ́ mi!”

Àjàmú tẹ nọ́ńbà rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Fóònù Gbádérọ̀ ò mì, kò dún.

Gbádérọ̀ rántí pé lọ́jọ́ Àìkú, fóònù náà ní òun fẹ́ ṣe update. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é, ó kú, ó sì tún tàn. Ó gba fóònù Àjàmú, ó fi pe Islamiyat. Ó dún títí, kò gbé e. Islamiyat kì í gbé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀.

Gbádérọ̀ wọ takisí máíkírà, ó di Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́lọlá tó ń tún fóònù ṣe.

“Ẹ jókòó, Bàbá.”

“Mi ò lè jókòó.”

Jẹ́jẹ́lọlá yọ síìmù, ó fi í sínú fóònù tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. “Síìmù yín ò ṣe nǹkan kan. Update yẹn ló da ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú fóònù rú. Màá dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.” Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó pa fóònù náà, ó tún tàn án. Bí wọ́n ṣe ń dúró, ó wo Gbádérọ̀. “Láti ọjọ́ Àìkú, Bàbá? Ẹ̀yin náà ò pe ẹnì kankan? Tí ẹ bá pe èèyàn kan péré, ẹ ò bá ti mọ̀.”

Gbádérọ̀ tẹjú mọ́ fóònù náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Fóònù dún. Ó tún dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń ya wọlé.

*Bàbá, mo pè yín, kò wọlé.*

*Ẹ dákun, Bàbá, ẹ dá mi lóhùn.*

Èyí tó kẹ́yìn, àárọ̀ yìí ló fi í ránṣẹ́: *Bí ẹ ṣe dákẹ́ yìí ti yé mi. Mo ti sọ fún John pé kó má dúró dè mí mọ́.*

Gbádérọ̀ jókòó.

Ó pè é. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin.

“Bàbá.”

“Fóònù mi ló…” Ó dánu dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. “Islamiyat, èmi náà ò pè ọ́. Mo jókòó, mo ní kó o wá bi mí.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti gbà fún yín.”

“Má gbà fún mi! Sọ fún un kó máa bọ̀. Òun àti àwọn òbí rẹ̀.”

“John ti pa fóònù rẹ̀, Bàbá. Láti àárọ̀.”

“Níbo ló ń gbé?”

“Agbówó.”

“Múra. Mò ń bọ̀ wá mú ọ, ká jọ lọ.”

Ó jáde sínú oòrùn Dùgbẹ̀, ó na ọwọ́ sí máíkírà tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé láti ọjọ́ Àìkú tí òun ti gbà, kò sẹ́ni tó gbọ́ “mo gbà” lẹ́nu òun rí.