Ìkíni Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí sí Kámẹ́rà Ọlọ́pàá

3.

…nítorí pé lásìkò ọdún Igogo, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà nígboro Ọ̀wọ̀, obìnrin kò sì gbọdọ̀ wé gèlè. Gbogbo ojú á wà ní gbangba. Àwọn ọlọ́pàá rò ó dáadáa. Wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò sí ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọjà, wọ́n kọjú rẹ̀ sí títì. Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Ẹni tí wọ́n ń wá: Rufus, tíṣà. Ó pín ìwé ìléwọ́ lòdì sí ìjọba ṣọ́jà, ó sì sá lọ.

4.

Ìyá Rufus kò rò ó dáadáa rárá.

Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí ni wọ́n ń pè é, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ẹnu bí agogo, ìdí bí odó. Ó rí kámẹ́rà, ó ní àwọn tó ń ya fídíò ọdún nìyí. Ó fi itọ́ tẹ́ irun ewú rẹ̀ sílẹ̀. Ó jó.

5. OHÙN INÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ, ỌJỌ́ KEJÌ ỌDÚN

ÌYÁ: Ẹ jẹ́ kí ìdí mi hàn o, ẹ má gé e. Rufus, ọmọ mi, mo kí ọ. Onílé rẹ ní Idoani ńkọ́? Máa jẹun.

OBÌNRIN KAN: Màmá, ó ti tó.

ÌYÁ: Kò tíì tó. Fíìmù kò tíì tán.

6.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Adéfúnkẹ́, ọmọ Rufus, bá a nílé.

— Ìyá àgbà, wọ́n ní ẹ kí bàbá mi lọ́jà.

— Mo kí i. Onífídíò ń yà mí.

— Ọlọ́pàá ni wọ́n.

Ìyá jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ dé sí i.

— Ikùn tó bí i kò sọ nǹkan kan. Ẹnu tí kò bí i ló lọ tà á.

7. OHUN TÓ LÈ ṢE

Kó lọ sí Idoani fúnra rẹ̀. (Wọn á tẹ̀lé e.)

Kó rán Sàlàkọ́ ọlọ́kadà lọ kìlọ̀ fún Rufus. (Ó ti rán an. Kò tíì padà.)

Kó pa ẹnu mọ́. (Ó gbìyànjú rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kẹta di ìyálẹ̀ta. Kò ṣeé ṣe.)

Kó máa sọ̀rọ̀ lọ.

8. ÌWÉ ÀKÍYÈSÍ, KỌ́ŃSÍTÉBÙ MÚDÀṢÍRÙ

Ọjọ́ kẹta. Màmá ní kí Rufus bá òun kí àwọn ará Isuada. A rán ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrin. Ó ní ṣé òrùlé ilé tí Rufus wà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kò jò. A rán ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ karùn-ún. Ó ní Rufus ti dé Kánò, kó mú ìrù ràkúnmí bọ̀. Ọ̀gá ní kí a má rán ọkọ̀ mọ́.

9.

Ojú ewé ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí ó dárúkọ Idoani, kò sí nínú ìwé náà. Wọ́n ti fà á ya.

10. OHÙN INÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ, ỌJỌ́ KẸSÀN-ÁN

MÚDÀṢÍRÙ (láti ojú fèrèsé): Màmá, ẹ máa lọ. Ẹ ń dí títì.

ÌYÁ: Ọmọ ta ni ọ́?

MÚDÀṢÍRÙ: Ọlọ́pàá ni mí.

ÌYÁ: Mi ò béèrè iṣẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́?

MÚDÀṢÍRÙ: Ó wà ní Ìkàrẹ́.

ÌYÁ: Ó ti fojú kàn ọ́ lọ́dún yìí?

MÚDÀṢÍRÙ: Ẹ máa lọ, Màmá.

11.

Sàlàkọ́ kò tíì padà.

Ìyá ń jó lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ará ọjà ní ijó tuntun ni, wọ́n ń kọ́ ọ.

12. ÌWÉ ÀKÍYÈSÍ

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọdún parí lónìí. Màmá kọjá. Kò jó. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan tẹ̀lé e, ó ru ìdì ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé bò ó lójú dé àgbọ̀n. A kò lè torí ìyẹn mú un. Ewé kì í ṣe fìlà.

Kámẹ́rà ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú méjì. Ìdí: bátìrì.

13.

Wọ́n fi ìlà pa «bátìrì» rẹ́. Wọn kò kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

14. OHÙN INÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ, ỌJỌ́ KAN NÁÀ

(Àwòrán dúdú.)

ÌYÁ: Máa rìn, ọmọ mi. Má wòkè. Máa