Àwo Ẹnu Ọ̀nà

Nọ́ọ̀sì Habeebah tún ìbéèrè náà bi í ní ìgbà kẹta.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Màmá Morádéyọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú fèrèsé ọsibítù ló ń wò.

Lábísí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ayétòrò, jókòó tì í. Bí àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé ọpọlọ Màmá ti ń ṣàárẹ̀, yóò kó o sọ́dọ̀, yóò sì ti ilé Ìmẹ̀kọ pa. Ó ti ra àgádágodo.

"Ó ti gbàgbé," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ta ló gbàgbé?" Màmá yíjú sí i. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé adìyẹ ni mo ń sìn ni? Àbí wọn ò kọ́ ọ nílé?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Méje."

"Mẹ́fà ni wá," ni Lábísí wí. "Èmi ni àkọ́bí."

Nọ́ọ̀sì fagi lé méje.

"Ẹ ní kí Málọmọ́ wọlé," ni Màmá wí. "Oòrùn ń pa á lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Lábísí mú Màmá padà sí Ìmẹ̀kọ láti kó ẹrù. Ó bá Bàrúwà, àbúrò Màmá, níwájú ilé. Ó bi í léèrè ẹni tí í ṣe Málọmọ́.

Bàbá náà wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, kí wọ́n tó bí ọ. A ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí rẹ, kó má baà wá fà ọ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nìyá rẹ fi pa á mọ́nú."

"Wọ́n ní ó ti ń gbàgbé."

"Kò gbàgbé ọmọ. Èèwọ̀ ló gbàgbé."

Lábísí wọlé. Màmá ń bẹ iṣu. Ó rí àgádágodo lọ́wọ́ Lábísí.

"Bí o bá tilẹ̀kùn, ibo ni yóò gbà wọlé?"

Lábísí dá àgádágodo padà sínú báàgì.

Nígbà tí iṣu jinná, Màmá gbé ègé méjì sínú àwo tánganran kékeré kan, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nínú ilé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Lábísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo àwo náà. Ègé kan ló kù níbẹ̀.