Ẹ̀gbẹ́ Òsì Bàbá Adégòkè

Fìlà Bàbá Adégòkè ló ń bí mi nínú. Ọjọ́ kẹrin rèé tí dókítà ti yọ ojú òsì wọn, èyí tí ẹ̀ka kòkó gún lóko wọn l'Áládé tó sì kẹ̀. Bí mo bá ti ń ṣí báńdéèjì báyìí, wọ́n á ti fa fìlà wálẹ̀ bò ó.

"Nọ́ọ̀sì Ọláwùmí, ṣé o ti ilẹ̀kùn?"

"Mo tì í, Bàbá."

Ìyàwó wọn, Ìyá Bọ́lánlé, ni wọ́n ń sá fún. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń ká kòkó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Bọ́lánlé ti ń kí wọn láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bàbá ní obìnrin tó bá rí ihò yẹn kò ní lè bá àwọn jẹun mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo ní wọn ò lọ síbì kankan, àfi tí ẹnìkan nílé bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ojú náà.

"Kí ìwọ máa wá fọ̀ ọ́," ni Bàbá wí.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ sílé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ọmọ mi, ẹ̀rù ló ń bà mí."

Bí ìbínú mi ṣe tán nìyẹn. N ò ní purọ́, mo fẹ́ràn bàbá yìí. Mo ṣí báńdéèjì, mo sì gbé dígí fún wọn. Wọ́n gbé fìlà sókè díẹ̀, wọ́n wo ojú náà títí: ó pọ́n, ó mọ́, ike pẹlẹbẹ tí dókítà fi sínú rẹ̀ kó má bàa súnkì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí fìlà kúrò lórí.

"Pè é wọlé."

Ìyá Bọ́lánlé fọ ọwọ́. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe máa nù ún, láti ìdí imú bọ̀ síta. Ọwọ́ tí àdá ti sọ di líle yẹn, bí ẹni ń nu ojú ìkókó ló ṣe ń nù ún.

"Ṣé èyí náà lẹ ń fi pa mọ́ fún mi, Bàbá Bọ́lánlé? Èmi tí mo ti ń fara da ìhanrun yín láti ogójì ọdún!"

Mo ti kìlọ̀ fún Ìyá pé apá ọ̀tún, níbi tí Bàbá ti ń ríran, ni kí èèyàn máa dúró sí. Nígbà tí takisí dé, apá òsì ni Ìyá bọ́ sí. Mo la ẹnu láti bá wọn wí.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ, ọmọ mi. Àmọ́ níbi tí wọn ò ti ríran ni wọ́n á ti fẹsẹ̀ kọ. Èmi ni n ó máa bá wọn wò ó."

Bàbá ò yíjú. Wọ́n kàn na ọwọ́ òsì, ọwọ́ Ìyá Bọ́lánlé sì ti wà níbẹ̀.