Ihò Kẹta Inú Kànga

Onínúfùfù ni èmi Nàfísátù, gbogbo Ìwó ló mọ̀. Nígbà tí kànga tí Mùkáílà ń gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé mi kan àpáta, tí dígà rẹ̀ kò ràn án mọ́, mo bú àpáta náà títí ohùn mi fi há. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú wa, kẹ̀kẹ́ la fi ń gbé omi wá láti Olúpọ̀nnà. Àbúrò mi ni Mùkáílà, òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá mi. Kò gbẹ́ kànga kan rí tí kò kan omi, ojú sì ń tì í.

La bá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Kuta. Kareemah ni wọ́n rán wá, ọmọbìnrin kan tó kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, tó dé akoto lé híjáàbù. Mo wò ó tìsàlẹ̀-tòkè.

"Ṣé ìwọ tín-ín-rín yìí náà ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, mà. Ẹ̀tù ló máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe apá mi."

Ó lu ihò mẹ́ta sára àpáta nísàlẹ̀, ó ki ẹ̀tù bọ̀ wọ́n, ó fi okùn iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi táyà àti àpò yẹ̀pẹ̀ bo ẹnu kànga. Ó ṣáná sí orí àwọn okùn náà tó yọ síta, ó sáré wá bá wa lẹ́yìn ilé kejì. Gbòlà! Gbòlà! Ilẹ̀ mì dé eyín mi. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni," Kareemah wí. "Ọ̀kan ò tíì dún."

"Méjì ló pa pọ̀ dún," ni Mùkáílà fèsì. Ó ti ń nawọ́ sí okùn tó fi ń wọ kànga, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ẹni tó ṣí ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà wọ̀ ọ́, kó gbé òkúta àkọ́kọ́ jáde fún onílé. Bí ẹlòmíì bá ṣáájú rẹ̀, ẹ̀sín dé nìyẹn.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù wákàtí kan. Okùn iná tó bá rin lè máa jó díẹ̀díẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ̀sọ̀ ò bá mi pọnmi!" Èmi ni mo pariwo. "Mùkáílà, wọ kànga rẹ jàre, má dá ọmọ kékeré lóhùn."

Èmi ni mo sọ ọ́. N ò ní purọ́.

Ọmọ náà ò bá mi jiyàn. Ó kàn jókòó gbàgà lórí okùn Mùkáílà. "Ìtàn kan péré, bàbá, kí n tó dìde." Àgbàlagbà wo ló máa ti ọmọ ọlọ́mọ ṣubú lójú gbogbo ayé? Mùkáílà pòṣé, ó lóṣòó.

"Ó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún," Kareemah bẹ̀rẹ̀, "àwọn kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ń wá oògùn àìkú. Wọ́n po iyọ̀ funfun kan tó máa ń hù lára ilẹ̀ mọ́ èédú àti imí ọjọ́. Iná sọ, ó jó wọn nírùngbọ̀n, ó jó ilé mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti ń wá ìyè ni wọ́n ti rí ẹ̀tù."

"Kí ló wà nínú iyọ̀ ọ̀hún?" N ò mọ ìgbà tí mo béèrè.

"Afẹ́fẹ́ ni, mà. Ṣé ẹ mọ̀ pé èédú ò lè jó tí kò bá rí afẹ́fẹ́? Iyọ̀ náà ti gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sínú, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ̀kúnwọ́ kan á ti di èéfín gbígbóná tó fẹ́ kún odindi yàrá. Àyè ò sí nínú òkúta, òkúta á yà fún un tipátipá."

Subuhanallahi! Èédú tí mo fi ń dáná láràárọ̀! Mo wo ọwọ́ mi tó dúdú fún èédú, ẹ̀rù Ọlọ́run sì bà mí.

"Lẹ́yìn ìyẹn làwọn òyìnbó rí òróró kan tó le ju ẹ̀tù lọ. Bí wọ́n bá mì í lásán, ó lè bú. Ọkùnrin kan ń ṣe é, òróró náà bú, ó pa àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin náà ò sinmi títí tó fi rí irú yẹ̀pẹ̀ kan tó fa òróró náà mu, tó sì mú un dákẹ́. Òun ni dainamáìtì."

"Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ìyá rẹ̀?"

"Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, mà."

Mùkáílà dìde. "Ó dáa, ìtàn ti tán. Fún mi lókùn mi."

Kareemah ò tíì dìde tán tí ihò kẹta fi dún. Ilẹ̀ gbé wa. Táyà kan fò ga ju òrùlé lọ, ó já sórí ilé ìdáná mi, páànù wó. Eruku bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Mùkáílà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní ọmọ yìí gbà nígbà tí mo jágbe ni, àbúrò mi ì bá wà nísàlẹ̀, èmi ni ì bá sì ti rán an lọ.

Mo wólẹ̀ lórúnkún méjèèjì níwájú ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ.

"Háà! Mà, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

N ò gbọ́. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mò ń sunkún, orúkọ Mùkáílà nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.