Èjìká Ta Ló Kan Máàtì?

Ní ìlú Dunmere, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí òtútù bá ti mú, ọmọkùnrin tí kò bá ja ìjàkadì, àwọn àgbà á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Garret Hoekstra ń jà ní tiẹ̀ o. Àmọ́ tí ìdíje bá dé, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí. Bẹ́ǹṣì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pè é ní ọkọ mi.

Ọdún tó máa lò kẹ́yìn nílé-ìwé rèé. Ẹnì kan péré ló ń jà fún ilé-ìwé nínú ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, Ansel Brandt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló sì wà nípò yẹn nínú ìwọ̀n tiwọn. Àfi kí Garret dá Ansel níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó lè gbapò rẹ̀.

Kóòṣì Ruhl, tó ń kọ́ wọn níjà, pe Garret sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Apá ẹ ò lágbára, àbí mo parọ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ gùn bíi tẹyẹ odò. Òun la máa lò."

Ó ní kó gun ẹni tó bá ń bá jà lẹ́yìn, kó ki ẹsẹ̀ kan bọ àárín itan rẹ̀, kó fi há ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó wá fa apá rẹ̀ kọjá lẹ́yìn orí, kó fi yí i dojú sókè.

"Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ o! Tíwọ fúnra ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí èjìká ẹ méjèèjì kan máàtì tá à ń jà lórí ẹ̀ yìí, ìwọ lo ṣubú. Rẹfirí ò ní bi ẹ́ pé ta ló mú ta."

Ta ni wọ́n wá fi ń kọ́ ọ? Ansel náà ni! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Garret fa apá náà lójijì, èjìká Ansel sì dún kọ́.

"Má sọ fún Kóòṣì o," Ansel ní. "Á ní kí n lọ jókòó."

"Apá ẹ ò gbé sókè mọ́."

"Ó ń gbé. Wò ó." Ó gbé e, kò kọjá àyà. "Ṣó o rí i?"

Garret ò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ó ń febi panú kí ìwọ̀n ara rẹ̀ má bàa lé ni, ló bá ń yìn ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Kóòṣì ni rẹfirí. Garret ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbá apá náà mú, ó yí Ansel dojú sókè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pariwo: "Fà á! Fà á!" Ansel ò ké, ó kàn ń kérora bí ọmọ ajá, létí Garret nìkan. Ọwọ́ Garret rọ̀. Ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kóòṣì lu máàtì, pà! Ẹnì kan ti ṣubú.

Garret fò dìde, ó ti ń nawọ́ sókè, kó tó rí i pé ọwọ́ Ansel ni Kóòṣì gbá mú, tó fẹ́ gbé sókè gẹ́gẹ́ bí olúborí. Apá yẹn gan-an ni. Ansel figbe ta.

Kóòṣì tẹ èjìká náà wò, ó mirí. "Ansel, ó parí fọ́dún yìí. Garret, ìwọ lo máa jà nínú ìdíje ọ̀la."

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Ansel na ẹsẹ̀ síwájú. "Bá mi so okùn bàtà. Ọwọ́ kan ò lè so ó." Garret kúnlẹ̀.

"Ṣó o mọ̀ọ́mọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀."

Ansel wo okùn náà. "Ó ti le jù. Tú u."

Garret tú u, ó tún un so. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fà á le.